Irin fún Orúnkún Ìbídùnní

Ọdún kẹta tí mo fẹ̀yìntì níléeṣẹ́ omi Arákánga
ni orúnkún ìyàwó mi kọ̀ láti gba orí àpáta sọ̀kalẹ̀.
Orí òkúta ni wọ́n kọ́ ilé wa lé ní Ìkìjà,
àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún, kò sí ohun tí èèyàn lè dì mú.
Ìdí ni Ìbídùnní fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀.
Á ní, "Má wò mí."

Mo ra ẹ̀rọ ajórin kékeré, kò ju páálí bàtà lọ.
Mo ra páìpù ní Làfẹ́nwá, mo ra jígí dúdú,
mo sì ra ọ̀pá ìjórin tó nípọn jù nínú ṣọ́ọ̀bù,
torí mo rò pé ohun tó bá sanra ló lágbára.

Ọ̀pá lẹ̀ mọ́ irin bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ níta.
Mo fà á, kò já. Ẹ̀rọ ń kùn, ọ̀pá pọ́n bí ẹyìn.
Mo yí iná sókè.
Páìpù lu.
Ihò tó dá sí i, ẹyẹ ẹ̀gà lè kọ́lé síbẹ̀.

Múnífátù ló bá mi níbẹ̀,
ọmọbìnrin tó ń jórin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè.
Ó gbé ọ̀pá mi wò, ó fọwọ́ bo ẹnu.
"Bàbá, gẹ́jì mẹ́wàá, lára páìpù fẹ́lẹ́ báyìí?
Ṣíbí ìrokà lẹ fi ń bọ́ ọmọ jòjòló.
Ẹ gba gẹ́jì méjìlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní áńpù márùndínláàádọ́rin.
Bó bá ń lẹ̀, ẹ bù sí i; bó bá ń lu, ẹ bù kúrò.
Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, àbá lásán ni.
Etí ladájọ́."

Kí ni kí etí máa gbọ́?

"Àkàrà nínú epo gbígbóná.
Kó má ta pàrà, kó má sì dákẹ́."

Mo bi í léèrè 7018, èyí tí gbogbo ọkùnrin fi ń yangàn.
Ó ní ìyẹn dára fún afárá, fún táńkì,
ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ló ṣe ń fa ọ̀rinrin:
ẹ tú páálí rẹ̀ nínú Òkúdu,
kí Agẹmọ tó parí ó ti mu òjò yó,
àfi kí ẹ yan án nínú ààrò kó tó wúlò.
"6013 ni kẹ́ ẹ lò. Òun a máa dárí jini.
Ìpẹtà ni kì í dárí jini; ẹ fi fáìlì ha á,
kẹ́ ẹ sì ha ibi tí kílípù ẹ́ẹ̀tì máa bù jẹ."

Ohun tí kò sọ, ojú mi ló kọ́ ọ:
mo ṣí jígí lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè rí i dáadáa,
lóru ọjọ́ náà gbogbo yanrìn Odò Ògùn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú mi.
Mo tún kọ́ pé bí Ìkìjà bá tan iná lálẹ́,
márùndínláàádọ́rin àárọ̀ kì í ṣe márùndínláàádọ́rin ìrọ̀lẹ́.
Mo bá ń jí láago márùn-ún, kí iná tó rẹ̀.

Ó dé ọjọ́ kan, etí mi gbọ́ àkàrà.
Mo fi òòlù kan ìdàrọ́, ó ṣí bí èèpo ẹyin sísè.
Mo jókòó sórí òkúta, mo ń wo oríkèé irin yẹn
bí ẹni tí ìwé ìdánwò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àwọn kan nínú wọn rí wúruwùru. Ó dì, ṣá.
Ihò ọjọ́ kìíní, mo dí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ó wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́.

Ìbídùnní fọwọ́ lé irin, ó dìde dúró, ó ń sọ̀ kalẹ̀.
Ó dé ìkẹsàn-án, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ bá kókó náà.
"Kí lèyí?"
Mo ní ìgbà tí mo ṣì ń lo gẹ́jì mẹ́wàá ni,
n ó fi fáìlì há a kúrò lọ́la.
"Fi sílẹ̀," ló wí, ó ń mí. "Ibẹ̀ ni n ó ti máa sinmi."

Ó ku àtẹ̀gùn méje.
Mo yí ẹ̀rọ padà sí òdo, mo sì ń wò ó.
Kò ní kí n má wò.