Àmì Ìsàlẹ̀

Ní Ṣómólú, níbi tí tàdáwà ti ń ta sánsán ju ọbẹ̀ lọ,
bàbá mi to lẹ́tà òjé fún ọdún mọ́kànlélógún.
Láti ẹ̀yìn ló ti máa ń kà wọ́n,
bí ẹni tó ń ka ìwé nínú dígí.
Òjé tó rà kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ.
Nítorí náà, bí ìwé bá ti jáde lórí ẹ̀rọ,
á jókòó ti àtùpà, á mú gègé,
á fi àmì sí ìsàlẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
ọ̀ọ́dúnrún ìwé ìpè ìgbéyàwó,
títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.
Mo bi í nígbà kan: "Ta ló máa mọ̀ bí ẹ ò bá fi í?"
Ó ní, "Ọkọ ìyàwó. Orúkọ rẹ̀ ni."

Èmi náà ti gboyè báyìí.
Ìmọ̀ nípa bíbá aráàlú sọ̀rọ̀ ni.
Ìyá mi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì:
"Ó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tún ọ̀rọ̀ sọ."
Kò jìnnà sí òótọ́.
Bólúwarìn tí a jọ jáde ti ń ta bàtà ní tirẹ̀.
Ó ní ẹ̀rọ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹsẹ̀.

Yábàá ni ọ́fíìsì wa, àjà kẹrin, gíláàsì ni ògiri.
Ọ̀sẹ̀ kẹta mi nìyí.
Oníbàárà wa kan ń bá aráàlú tọ́jú owó lórí fóònù.
Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, owó ń wọlé, kò jáde.
Arábìnrin Ṣódípọ̀, ọ̀gá mi, nàka sí kọ̀ǹpútà:
"Ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú la ní."

Ẹ̀rọ kò nílò ogún ìṣẹ́jú.
Mi ò tíì gbé ife omi kalẹ̀ tó fi parí.
Ọ̀rọ̀ náà ń dán bí ilẹ̀ báǹkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé:
ìdíwọ́ díẹ̀, ìfọkàntán yín, a ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí.
Ní ìparí, ó kọ ọ́ báyìí:
A n bowo fun owo yin.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Owó ni àbí ọ̀wọ̀? Ọwọ́ ni àbí òwò?
Aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ wọ̀ jáde.
Ó sì lè jẹ́ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀,
torí obìnrin kan kọ̀wé láti Bárígà
pé àpò òun ti mọ́ tónítóní:
Muibatu ni mi. Owo ayewo eje omo mi lo wa nibe.
Noosi ni ki n dide lori bensi. E joo.

Òun náà kò fi àmì kankan sí i.
Ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo ohùn rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan ló gba iṣẹ́ bàbá mi náà.
Ó funfun, ó kéré, kì í rojọ́, kì í jẹun.
Bàbá ta òjé rẹ̀ fún àwọn apẹja Mákòkó,
kí àwọ̀n wọn lè rì.
Álífábẹ́ẹ̀tì bàbá mi wà nísàlẹ̀ ọ̀sà,
ẹja ń gba àárín rẹ̀ kọjá.
Ó ku E kan péré,
òun ni mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì mi.

Mo pa "ìdíwọ́ díẹ̀" rẹ́. Ó dùn mọ́ mi.
Mo kọ ọ́ pé: Owó yín há. Àwa la jẹ̀bi.
Ẹni tó bá wà nílé ìwòsàn, ẹ pe nọ́ńbà yìí.
Tèmi ni nọ́ńbà náà.
Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí i,
lọ́kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì mẹ́ta fún lẹ́tà kan.
Ọ̀gá ti dúró sẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ aago ọwọ́ rẹ̀.
"Ọmọ yìí, ogún ìṣẹ́jú ti pé."
"Ẹ̀yin mà, ó ku ẹyọ kan.
Abẹ́ ọ tó gbẹ̀yìn nínú ọmọ."