Ọwọ́ Ni Yóò Kù

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni iná lọ ní Ṣómolú.
Bátìrì fóònù Múíbátù ti ń kú lọ,
fọ́ọ̀mù ẹ́ńbásì ṣì ku ojú ewé mẹ́ta.
Ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n máa tìlẹ̀kùn,
ọ̀gànjọ́ òru ti ìlú wọn o, kì í ṣe tiwa.
Múíbátù fìka ka wákàtí.
Ó ní, "Bàbá, ó ku wákàtí kan."

Ìbéèrè kìíní: Ta ni yín?
Àwa atẹ̀wé mẹ́rin ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kan,
àwa àti ẹ̀rọ tó dàgbà jù mí lọ,
tó máa ń wúkọ́ kó tó gbé bébà àkọ́kọ́ mì.
Àwọn ọmọ mọ́kànlá ń wá lọ́jọ́ Sátidé,
à ń kọ́ wọn bí a ṣe ń to lẹ́tà òjé,
orí lẹ́tà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè,
bí ẹni ń fẹ̀yìn rìn wọlé.

Ìbéèrè kẹrin: Báwo ni iṣẹ́ yín yóò ṣe mú
ìlú wa àti ìlú yín rẹ́ sí i?
Mo wo agolo yíǹkì títí.
Mi ò dé ìlú wọn rí. Ẹnu géètì wọn ní Fikitóríà Àìlándì ni mo dé,
lọ́dún tí àbúrò mi ń wá físà.
Oòrùn pa wá, àga ò sí.
Mi ò kọ ìyẹn síbẹ̀.
Mo ní kó kọ ọ́ pé ìlú wọn ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ wa,
pé ó di ọdún mọ́kànlélógójì
tí mo ti ń da òróró sẹ́nu ọ̀rẹ́ náà.

Ìnáwó: bébà, yíǹkì dúdú, dísù jẹnẹrétọ̀,
búrẹ́dì àwọn ọmọ.
Wọ́n ní àwọn kì í sanwó oúnjẹ.
A pa búrẹ́dì rẹ́.
Ebi kì í wọnú kí lẹ́tà ó wọ̀ ọ́;
wọn ò bi wá ní ìyẹn.

Èyí tó kẹ́yìn ló gún mi:
Bí owó wa bá tán, kí ni yóò kù?
Kúdírátì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti sùn sórí dìì bébà,
ó ń retí ìyá rẹ̀.
Yíǹkì ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ọṣẹ ò ràn án.
Mo ní, "Ọwọ́ ni yóò kù. Fi ṣe orúkọ iṣẹ́ náà."
Múíbátù tẹ̀ ẹ́. Fọ́ọ̀mù ò gba àmì.
Ọ méjèèjì di àpótí kékeré tó ṣófo.
A bá yọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń yọ eegun ẹja:
OWO NI YOO KU.
Fóònù kú.
Bóyá ó lọ, bóyá kò lọ, a ò mọ̀.

Oṣù mẹ́ta. Omi òjò wọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì.
Obìnrin kan pè lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ohùn Ìjẹ̀bú,
ẹ̀rín ń pa á, iṣẹ́ ò jẹ́ kó rín in:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀.
Ṣé owó ni yóò kù ni, àbí owó ni yóò kú?"
Mo ní, "Owó á kú, màmá. Ọwọ́ ni mo kọ."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí bírò ń họ ìwé:
ó ń fàmì sí i.

Ó ní wọn yóò pè. Wọn ò tí ì pè.
Sátidé lòní. Kúdírátì ń to orúkọ rẹ̀,
àmì orí lẹ́tà kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
ó kéré bí ẹyin eèrà.
Gbogbo wa ti wà lórí ìkúnlẹ̀,
à ń wá a.