Àṣìṣe Tí Mo Fi Sílẹ̀

Nínú Ẹ̀pẹ́ tí mo kọ sínú kọ̀ǹpútà,
ọ̀sà ti gun òkè, ó ti jókòó sí pálọ̀ wa.
Òrùlé páànù nìkan ló ń yọrí bí ọ̀nì.
Ọjà ẹja dákẹ́: kò sí ẹni tí yóò ná an,
kò sí ẹni tí yóò búra pé òwúrọ̀ yìí ni wọ́n pa á.
Ìwọ tí ò ń ta géèmù náà,
orí àjà lo máa jí sí,
ọ̀bẹ kan, kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan,
ìlà pupa mẹ́ta lókè ojú rẹ:
oúnjẹ inú, omi ara, ìgboyà.
Èyíkéyìí tó bá gbẹ, o ti kú nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ la ti ń ṣe é,
èmi àti Ṣùẹ́bátù, ọmọ Òkè-Balógun,
nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ìlọta
tí ògiri rẹ̀ ń gbọ̀n bí wọ́n bá ń lọ ata ọdún.
Òun ló ń yàwòrán. Oṣù méje, omi nìkan ló yà.
Ó ní omi Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe búlúù,
ẹni tó bá kùn ún ní búlúù, àlejò ni.
Èmi ni mò ń kọ òfin:
bí eléyìí bá ṣẹlẹ̀, kí tọ̀hún tẹ̀lé e.
Bí iná bá lọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lè bá a lọ.
Màá fa jẹnẹrétọ̀, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
á wá dákẹ́ bí ẹni tó jẹ mí lówó.

Mo fi ọkùnrin àgbà kan sí èbúté.
Fìlà rẹ̀ wọ́ sọ́tùn-ún bíi ti bàbá mi.
Ó ń tún àwọ̀n ṣe, kì í wojú ẹnikẹ́ni.
Nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀
ni nọ́ńbà tí wọ́n kà fún ìyá mi
lọ́jọ́ tí ọkọ̀ nìkan padà wálé.

Mo ti kọ ọ́ pé kí ebi máa pa á bó ṣe ń pa gbogbo ayé.
Àmọ́ ọwọ́ mi ṣèèṣì,
mo fi àmì àròpọ̀ síbi tí àyọkúrò yẹ kó wà.
Bí ọjọ́ ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ń kún.
Ìjì jà. Ìgbóná gba ìlú.
Àwọn ọlọ́ṣà tí mo fi oṣù méjì kọ́ ní ìkà
kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀.
Ṣùẹ́bátù ní, “Bàbá yìí kì í kú o. Tún un ṣe.”
Mo ní ó dọ̀la.
Ọ̀la di Ràjábù, Ràjábù di oṣù ààwẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí ìlà náà, mo ń wò ó:
igi kékeré méjì tó dábùú ara wọn.
Kí n yọ èyí tó dúró, ó parí.
Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sáàrì.

Lọ́jọ́ Sátidé àwọn ọmọdé wá dán an wò.
Wọ́n ń ja gààrí, wọ́n ń jí kẹ́ẹ̀gì ara wọn,
wọ́n ń pariwo ju ẹ̀rọ ata lọ.
Lùkúmánù nìkan, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ló jókòó ti bàbá náà ní èbúté.
Ìlà pupa rẹ̀ ń rẹlẹ̀ lókè, kò tiẹ̀ wò ó.
Mo ní, “Kí lò ń ṣe? Ebi ti fẹ́ pa ọ́.”
Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mò ń dúró kí wọ́n tún àwọ̀n yẹn tán.
Tí wọ́n bá ti ṣe tán, àá jọ lọ ni.”

A ò ya ìparí kankan fún àwọ̀n náà.
Ṣùẹ́bátù wò mí. Kò sọ̀rọ̀.
Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìjókòó kejì sínú ọkọ̀.
Kó tó tọ́jú rẹ̀, iná lọ.
Àwọn ọmọ hó yèè.
Nínú òkùnkùn mo gbọ́ ohùn Lùkúmánù:
“Ṣé bàbá yẹn ṣì wà níbẹ̀?”
Mo ní, wọ́n wà.