Ọkọ Di Oko

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń gun àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ìsánlú,
fóònù lọ́wọ́, bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.
Nẹ́tíwọ̀kì ń bẹ lókè, kò sí nísàlẹ̀.
Wọ́n ní orí tísà àná ti ń yí.
Kí wọ́n máa wí. Ìwé ni mo fẹ́ tà,
ìwé tí kò ní bébà, tí kò ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn,
tí ikán ò lè jẹ, tí òjò ò lè pa.

Ìyá mi ló sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́:
orúkọ gbogbo odò tí a ń là kọjá
ká tó dé àkùrọ̀ bàbá wa,
ẹni tó rì sí èyí, ẹni tó bímọ sétí ìyẹn.
Ìka méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà àlòkù,
ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún àmì orí rẹ̀.

Mo gbé fáìlì sókè,
mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bí òǹkàwé yóò ti rí i.
Àmì ti fò lọ bí ẹ̀gà.
Ojú ewé kejìlá, níbi tí ìyá mi ti wí pé
“Ọkọ mi sùn, kò jí mọ́,”
ẹ̀rọ ní, “Oko mi sun.”
Ogún ọdún opó,
ẹ̀rọ sọ ọ́ di iná ìgbẹ́.
Níbòmíràn, àpótí kékeré òfìfo ló dúró nípò lẹ́tà,
bí fèrèsé ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Dárámọ́lá, ọmọ àbúrò mi, pè láti Ìlọrin:
“Ẹ yọ àmì kúrò, Bàbá. Ta ló ń wo àmì?”
Mo ní bátìrì mi fẹ́ kú.
Irọ́ ni.

Ni mo bá gba ṣọ́ọ̀bù Onímísì onígẹ̀run lọ,
nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.
Ó ń gé irun kúrò lórí àwọn ọmọ,
èmi ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀,
igba ojú ewé ó lé mẹ́tàlá,
títí irun fi bo bàtà mi.
Ó ní, “Tísà, kí làwọn èérún wọ̀nyí?”
Mo ka ọkọ fún un, mo ka oko, mo ka ọkọ́, mo ka ọkọ̀.
Ọmọ Ẹbira ni. Ó rẹ́rìn-ín,
ó ní lédè tiwọn náà, ohùn kan lè da ilé rú.
Kò gbowó iná lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwòrán iwájú ìwé tún dé láti Ìlọrin:
obìnrin kan létí omi aláwọ̀ búlúù, ìgbì ń ru.
Torí pé “òkun” wà nínú àkọlé!
Dárámọ́lá, ìwọ ọmọ Yàgbà,
òkun wo la ní, àfi èyí tí a fi ń kíra wa?
Òkun o, bí ilẹ̀ bá mọ́.
Òkun o, ẹni tó toko bọ̀.
Mo mú ìyá mi lọ sódò,
mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi.
Ó ní, “Ojú mi ńkọ́?”
Mo ní ẹsẹ̀ ló mọ̀nà.

Ó wá ku iye. Ẹ̀rọ ní kí n dá owó lé e.
Ìyá mi ní, “Iye iṣu kan.”
Iṣu ìgbà wo? Ti ìkórè, àbí ti ìgbà tí abà ti gbẹ?
A jiyàn títí ọbẹ̀ fi jóná.
Wọ́n tún bi mí: ta ni olùtẹ̀wé?
Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí, ó ń yí.
Ìyá mi pariwo láti ìsàlẹ̀ àpáta:
“Wọ́n ti rà á?”
Ó kù, Ìyá.
Mo ṣí ojú ewé kejìlá.
Ọkọ rẹ̀ sùn síbẹ̀, pẹ̀lú àmì lórí.