Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ wọn ní àmì ohùn
ní ilé ìwé girama kan ní Òkè Ẹlẹ́rin, Ògbómọ̀ṣọ́,
tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì lu pátákó: dò, re, mí.
Mo ti fẹ̀yìntì kí Òjétúndé, ọmọ àbúrò mi, tó wá bá mi.
Ó ní òun ṣe irinṣẹ́ kan sínú kọ̀ǹpútà,
Asọlórúkọ ló pè é:
ẹgbẹ̀rún fáìlì, kó o tó ṣẹ́jú, wọ́n ti jẹ́ orúkọ tuntun.
"Ẹ bá mi kọ ìwé ìlò rẹ̀, ní Yorùbá tó dán."

Mo kọ ọ́, ojú ìwé mẹ́rìnlá.
Inú mi dùn jù sí ìkẹsàn-án:
"Asọlórúkọ kì í fọwọ́ kan àmì ohùn.
Bí o bá fún un ní ọkọ̀, ọkọ̀ ni yóò dá padà."
Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́.
Mo jókòó tì í, mo rí i.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, Òjétúndé tún un ṣe lóru,
nítorí kọ̀ǹpútà oníbàárà kan ní Sábó ò mọ àmì kà.
Ó bó gbogbo rẹ̀ dànù bí ẹni bó èèpo ẹ̀pà,
tòkè, tìsàlẹ̀.
Ó lọ sùn. Kò sọ fún mi.
Ojú ìwé kẹsàn-án di irọ́ nínú àpótí mi,
kò sì sí ẹni tó jí i.

Opó ni Àwẹ̀ró, ará Ìsàlẹ̀ Àfọ́n.
Ọmọ rẹ̀ ya àwòrán mẹ́rin kí ẹbí tó jókòó pín ogún:
oko Àwẹ̀ró, kajú lọ́nà Ìkòyí;
ọkọ̀ Àwẹ̀ró, Dátúsìn tí kò ní táyà iwájú;
ọkọ Àwẹ̀ró, lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó dákẹ́;
àti ọkọ́ Àwẹ̀ró, èyí tí bàbá fi lé e lọ́wọ́.
Ọmọ náà ka ojú ìwé kẹsàn-án. Ó gbà mí gbọ́.
Ó nu ti inú fóònù, torí pé ààyè ò sí mọ́.
Ó tẹ bọ́tìnnì.

oko awero
oko awero
oko awero
oko awero

Èyí tó dé gbẹ̀yìn ló jókòó lé àwọn yòókù lórí.
Obìnrin náà ní kí n ṣí i, kí òun rí ojú bàbá.
Mo ṣí i.
Ọkọ́ ni.
Ó wò ó títí. "Òun kọ́ nìyí, Tíṣà."

Òjétúndé ní, "Ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.
Ìwé lásán ni."
Mo ní, ẹni tó nàka sí ọ̀nà Táàkì fún àlejò,
tí wọ́n gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà náà lóru,
ìka yẹn ló ti àlejò ṣubú.
A bá ara wa jà títí iná fi lọ.
Ó gbà níkẹyìn: yóò máa béèrè kó tó bó àmì,
bí orúkọ méjì bá sì kọlura, yóò dúró.
Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ títí n óò fi rí i.
Fún ìgbà náà, mo kọ ọ́ báyìí:
"Ó ń bó àmì ohùn. Kì í béèrè. Tọ́jú ẹ̀dà kó o tó tẹ ohunkóhun."
Kò dùn ún kà.

Mo ní fáìlì òfìfo mẹ́rin báyìí, oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀.
Nígbàkigbà tí ọmọ yẹn bá fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀,
mo máa ń kó wọn gba ibẹ̀ kọjá, màá sì kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde.
Lọ́jọ́ kan, mẹ́ta ló jáde. Mo pè é lórí fóònù ní aago mọ́kànlá alẹ́.

Àwẹ̀ró ṣì ń gbé máńgòrò wá fún mi. Kò béèrè àwòrán mọ́.
Èyí tó kù wà lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ ni mo fi tún un sọ lórúkọ,
àmì rẹ̀ pé.
Ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ń dán
níbi tí ọkùnrin náà máa ń dì mú.