Àkọsílẹ̀ Ìpàdé, Ìlẹ́ṣà

Ọmọwé Mọ́radéùn na àwòrán sára ògiri.
Ìlẹ́ṣà kéré níbẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́.
Ó ní, "Òjò àkọ́rọ̀ á máa pẹ́ dé.
Tó bá sì dé, tìbínú-tìbínú ni."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ni mí, n kì í dá sí i.

Bàbá Àṣàòlú gbé fìlà lé orókún.
"Pẹ́ tó báwo? Ẹgbẹ̀ta ọmọ igi kòkó mi
wà nínú ọ̀rá lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ.
Ọjọ́ wo ni kí n kó wọn lọ sóko?"

Ọmọwé dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ṣírò ogún ọdún
kò mọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti rí?"

Háà! Ẹnu là.
Kànga ẹnìkan gbẹ ṣáájú Kérésì.
Omi gun orí afárá ẹ̀yìn ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì.
Ìyá Fadékẹ́mi yọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì jáde:
bírò pupa lórí gbogbo ọjọ́ òjò
láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti kú.
Ọmọwé gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun.

Ohun tí mo kọ nígbẹ̀yìn kò pọ̀:
ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó ṣáájú, kí kòkó tẹ̀ lé e lábẹ́ ibòòji;
kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà afárá fẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó wọlé.
Owó: a ò tíì mọ̀.

Bàbá Àṣàòlú ní kí n fi kún un
pé òun ò tíì gbà gbọ́ tán,
ṣùgbọ́n ta ló ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti tà?