Kòkòrò Inú Obì

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà ló sọnù
nínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olóbì Ṣàgámù,
ìpàdé ọdún sì di ọ̀la.
Kò sẹ́ni tó jí i.
Káàdì ọmọ ẹgbẹ́ pé, owó báńkì pé,
kọ̀ǹpútà nìkan ló ní òun ò rí i.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ìsọ̀,
iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń kùn,
àwọn ìyá ń ṣa gbànja nínú agbọ̀n níta,
wọ́n ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lójú, lẹ́yìn,
bí wọ́n bá rí ihò tín-ín-rín, wọ́n á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ́ ọ.
Èmi náà ń ṣa tèmi.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí kò tó nǹkan:
òpó kẹfà kún fún àmì tó dà bí wáyà ọgbà adìyẹ.
Mo ti ń sọ pé fáìlì ti bàjẹ́.
Àṣé òpó ló fún mọ́ nọ́mbà lára.
Mo fà á gbòòrò díẹ̀,
nọ́mbà mí kanlẹ̀, wọ́n yọjú.

Owó kò tíì pé.

Mo wá kan Bàbá Ṣówándé, ìlà kẹrìnlélógójì.
Nọ́mbà tòótọ́ a máa fara ti ògiri ọ̀tún;
tirẹ̀ nìkan ló fẹ̀yìn ti òsì,
bí àlejò tí kò dá lójú pé ilé tí òun ń wá nìyí.
Lójú, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni.
Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fi lẹ́tà O sí ipò òdo,
lẹ́ẹ̀mẹta.
Wọ́n jọra bí awẹ́ obì méjì,
àmọ́ ọ̀kan lóhùn, èkejì yadi,
fọ́múlà kì í sì í ka ohun tó bá lóhùn.
Mo pa ohùn náà. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Àròpọ̀ ní tirẹ̀ dúró sí ìlà kejìdínláàádọ́ta.
Àwọn mẹ́ta tó wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn òjò wà nísàlẹ̀ rẹ̀:
Múfútáù, Ìyá Adébímpé ará Mákùn, ọmọ Ọdúfùwà.
Wọ́n ti sanwó oṣù méjì méjì, a ò kà wọ́n,
bí ọmọ tó dé kíláàsì lẹ́yìn tí tíṣà ti pe orúkọ tán.
Mo fa fọ́múlà sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn.
Ni àìtó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà bá di àlékún ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìbínú ni.
Ìyá Àdùkẹ́ bojú wọlé: "Ṣé ó ti pé?"
Mo ní, "Ó ti pọ̀jù."
Ó ní, "Ìyẹn burú ju àìtó lọ."

Nígbà tí mo ka nọ́mbà etí òsì ni mo tó rí i:
ọgbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n.
Ta ló wà láàárín?
Mo ṣí i. Ìyá Ọ̀ṣíbógun ni,
tí a sin ní Ìkẹ́nnẹ́, oṣù mẹ́ta rèé.
Bọ̀dá Ṣóyẹmí, akọ̀wé àná, kò lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́,
ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.
Fọ́múlà ò gbọ́ túfọ̀,
oṣooṣù ló ń bá a san ẹgbẹ̀rún méjì.

Mo ní kí n pa ìlà náà rẹ́.
Kíá, gbogbo tábìlì figbe ta,
àṣìṣe, àṣìṣe, láti òkè délẹ̀:
ìlà rẹ̀ ni wọ́n so iye tí gbogbo wa ń san mọ́,
nítorí òun ló kọ́kọ́ fi owó lélẹ̀
lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀.
Mo sáré dá ọwọ́ padà.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.
Òótọ́ ni. Àmọ́ èyí kì í ṣe kòkòrò.
Mo fi í sílẹ̀ ní gbangba níbi tó wà,
mo fi òdo sí oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
òdo gidi, èyí tó yadi.
Wọ́n fara ti ògiri ọ̀tún.

Owó pé. Níta, wọ́n ń fi ewé tútù bo agbọ̀n.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Mi ò rántí bóyá mo ti fi fáìlì pamọ́.